Owó dín ní báńkì, ìwé ní dúkìá lé sí i: ẹ bá wa wo balance sheet (ìwé tó ń to dúkìá àti gbèsè) ilé-iṣẹ́ gàrí wa

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé ọdọọdún ilé-iṣẹ́ gàrí wa ní Àjàṣẹ́-Ìpo, díẹ̀ ló kù kó di ìjà. Àwa bí ogún la jọ dá a sílẹ̀. A ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kálukú ló sì ní ìpín tirẹ̀.

Lópin ọdún tó kọjá, mílíọ̀nù 24 náírà ló wà ní báńkì. Gàrí àti ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ tó mílíọ̀nù 3, ilẹ̀, ilé àti ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ́ 15. Àpapọ̀ 42. A jẹ àwọn tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún wa ní mílíọ̀nù 2, tó fi jẹ́ pé 40 ni tiwa.

Lọ́dún yìí a ra ẹ̀rọ tuntun tó ń rin ẹ̀gẹ́, tó ń fún un, tó sì ń yan án. A tún gbé sólà sórí òrùlé, nítorí owó dísù ti fẹ́ pa wá. Mílíọ̀nù 28 ni gbogbo rẹ̀ gbà. A mú 18 nínú owó wa, báńkì yá wa ní 10.

Alága wá dìde, ó ní ká máa yọ̀, pé ilé-iṣẹ́ ti kúrò ní mílíọ̀nù 42, ó ti di 52. Bàbá kan láàárín wa ní mílíọ̀nù 6 péré lòun rí nínú ìwé báńkì, kí akáńtáǹtì sọ ibi tó gbé 18 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí ọrọ̀ bá ti fi 10 lé, kí wọ́n pín in fún wa kí Iléyá tó dé. Ta ni ká gbà gbọ́? (A ò tíì ka èrè tọdún yìí mọ́ ọn o.)

Akáńtà_Tánkè:
Akáńtáǹtì yín ò jẹ owó. Alága náà ò sì purọ́, àmọ́ ohun tó ní kẹ́ ẹ máa yọ̀ sí ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tò ó. Owó báńkì kúrò ní 24, ó di 6, ìyẹn ni pé 18 jáde. Ẹ̀rọ àti sólà wọlé ní 28. Dúkìá yín wá fi 10 lé. Ó yá, ẹ ṣí apá kejì ìwé náà. Gbèsè tó jẹ́ 2 ti di 12, òun náà fi 10 lé. Ẹ yọ 12 kúrò nínú 52. Kí ló kù? 40. Iye tó jẹ́ tiyín lọ́dún tó kọjá náà ló ṣì jẹ́ tiyín lónìí. Mílíọ̀nù 10 tí alága ń fi yangàn, ti báńkì ni.

Owó tẹ́ ẹ bá fi ra ohun tí yóò ṣiṣẹ́ kọjá ọdún kan kì í kúrò lórí balance sheet lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ná an. Ó kàn ṣí láti ìlà owó báńkì lọ sí ìlà ilé àti ẹ̀rọ ni. Bó bá jẹ́ owó ọwọ́ yín lẹ fi rà á, àpapọ̀ ò ní lé, kò ní dín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yáwó, àpapọ̀ á gòkè, gbèsè á bá a gòkè. Ẹni tó bá ń wo àpapọ̀ nìkan á rò pé òun ti lówó sí i ní gbogbo ìgbà tí báńkì bá yá a lówó.

Sàká_Ìpàta:
Ìyẹn ni pé ẹni tó kó owó àpò ra màlúù ò tòṣì, àmọ́ kò lè já ìrù màlúù san owó mọ́tò láti Gànmọ̀ dé Post Office. 😂

Ìyá_Búrẹ́dì_Ọffà:
Ẹ má fi Sàká ṣẹ̀rín o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Mo mọ ilé búrẹ́dì kan tó ra ààrò oníná tuntun, ó dára, ó ń dán. Àmọ́ ìgbà tí ìyẹ̀fun gbówó lórí, kò sówó tí wọ́n á fi ra ìyẹ̀fun. Ààrò tó lè yan ẹgbẹ̀rún búrẹ́dì ń yan igba. Ìwé wọn dára jù tèmi lọ lọ́dún yẹn. Àwọn oníbàárà wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá.

Ọmọ_Àjàṣẹ́, mílíọ̀nù 6 tó kù yìí, ṣé ó tó ra ẹ̀gẹ́? Ẹ̀rọ tuntun á jẹ ẹ̀gẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, àwọn àgbẹ̀ ò sì ní gba àwìn títí lọ.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ń gba bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀yáwó náà, ọdún mẹ́rin la máa fi san án, 2.5 lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí èlé.

Akáńtà_Tánkè:
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ ìyẹn. Báyìí la ṣe ń kọ ọ́. Mílíọ̀nù 2.5 tẹ́ ẹ máa san láàárín oṣù méjìlá, ìsọ̀rí gbèsè kúkúrú ló ń lọ. 7.5 tó kù máa wà ní gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Gbèsè kúkúrú yín wá di 2 àti 2.5, ìyẹn 4.5. Ohun tẹ́ ẹ lè tètè sọ dowó ni 6 tó wà ní báńkì àti 3 ti ọjà, ìyẹn 9.

Lọ́dún tó kọjá, 27 lẹ ní láti fi kojú gbèsè kúkúrú 2, ìlọ́po mẹ́tàlá àbọ̀. Lọ́dún yìí, 9 lẹ ní láti fi kojú 4.5. Ìlọ́po méjì péré. Ọrọ̀ yín ò dín, àmọ́ ààyè tẹ́ ẹ fi ń mí ti dín gan-an. Òṣìṣẹ́ báńkì tẹ́ ẹ bá tún lọ bá, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, kó tó wo 52 alága.

Ìbọlọ́_Kìjàkadì:
Ọmọ Ọffà ni mí, ìjàkadì lorò wa, ẹ ò lè ní kí n gbé e jẹ́ẹ́. Gbogbo yín ń pe 28 ní dúkìá bí ẹni pé ẹ ti rí rìsíìtì. Kí ló wà nínú mílíọ̀nù 28 yẹn? Kí arákùnrin yìí tú u palẹ̀ ká rí i.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ akọ̀wé lánàá. Iye ẹ̀rọ pẹ̀lú VAT (owó-orí ọjà), 13.2. Ọkọ̀ tó gbé e wá láti Ìbàdàn, 900,000. Kọnkéré ìdúró ẹ̀rọ, wẹ́dà àti oníwáyà, 1.4. Ìdánwò títí ó fi ṣiṣẹ́ geerege, 500,000. Páńẹ́lì àti ìnfátà, 6. Bátìrì, 4. Kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n á máa gbà lò ó, 800,000. Ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, 1.2.

Ìbọlọ́_Kìjàkadì:
Mo mọ̀! Mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún fún ayẹyẹ. Ìlù àti jọ̀lọ́ọ̀fù ti di ẹ̀rọ.

Akáńtà_Tánkè:
Ìbọlọ́ ti dá wọn. Ìlànà ìṣirò owó IAS 16, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tẹ̀ lé, là á sílẹ̀, èyí tó wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké náà ò sì yàtọ̀ lórí kókó yìí. Iye tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ, owó ibodè bó bá ti òkèèrè wá, owó-orí tẹ́ ẹ ò lè gbà padà, ọkọ̀, ìgbékalẹ̀, ìdánwò: gbogbo ohun tó gbé ẹ̀rọ dé ibi tó wà, tó sì mú un wà ní ipò àtiṣiṣẹ́, ara iye ẹ̀rọ ni. Kíkọ́ òṣìṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Ayẹyẹ, ìpolówó, owó ọ́fíìsì, kò sí ìkankan níbẹ̀. Ìnáwó ọdún yìí ni wọ́n, wọ́n máa jẹ nínú èrè.

Nítorí náà ẹ yọ mílíọ̀nù 2 kúrò lára dúkìá. 28 di 26, àpapọ̀ 52 di 50. Gbèsè ò yí padà, 12 náà ni. Tiyín di 38.

Ẹlẹ́rù_Gẹ̀rí:
Nítorí mílíọ̀nù 2 lẹ ṣe ń ba ìwé ara yín jẹ́? Ó pẹ́ ni, ó yá ni, á di ìnáwó náà. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ìwé lè dára lójú báńkì.

Ìbọlọ́_Kìjàkadì:
Irú ọ̀rọ̀ yìí ló pa WorldCom ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ni. Owó tí wọ́n ń san fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láti fi gbé ìpè kọjá lórí wáyà wọn, ìnáwó ojoojúmọ́ ni, bíi dísù tiwa. Wọ́n kó o lọ sí ìlà dúkìá. Èrè wá ń hàn níbi tí kò ti sí. Nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ inú ilé wọn, tí Cynthia Cooper jẹ́ olórí wọn, tú u fó ní 2002, ó ti kọjá bílíọ̀nù 3.8 dọ́là. Bílíọ̀nù o! Oṣù Keje ọdún yẹn ni wọ́n wọ kóòtù pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́. Bernard Ebbers tó jẹ́ ọ̀gá àgbà gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ní 2005.

Ohun tó burú nínú ẹ̀ ni pé owó náà jáde lóòótọ́, wọ́n san án. Orúkọ tí wọ́n fún un nìkan ni irọ́.

Ẹlẹ́rù_Gẹ̀rí:
Ayẹyẹ Àjàṣẹ́ ti di WorldCom. Ó dáa.

Mẹkáníìkì_Gànmọ̀:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà béèrè o. Depreciation, ìyẹn gbígbó dúkìá tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú iye rẹ̀, ìgbà wo ló ń bẹ̀rẹ̀? Ọ̀gá kan tí mo bá tún ẹ̀rọ ṣe ní títí ẹ̀rọ òun á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí gbígbó. Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó nítorí kò rí ẹ̀gẹ́ rà.

Akáńtà_Tánkè:
Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ti wà ní ipò àtiṣiṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Bó ṣiṣẹ́, bó jókòó, gbígbó ń lọ. Àfi bó bá jẹ́ iye ohun tí ẹ̀rọ ṣe jáde ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ìyẹn ló lè jẹ́ òdo lóṣù tí kò bá ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ ni kì í gbó.

Ọmọ_Àjàṣẹ́, ẹ má da 26 yẹn pọ̀ sójú kan. Ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba. Mẹkáníìkì, ọdún mélòó ni bátìrì wọn máa lò?

Mẹkáníìkì_Gànmọ̀:
Bó bá jẹ́ bátìrì yẹpẹrẹ, tí wọ́n sì ń lò ó tán pátápátá lójoojúmọ́, ọdún mẹ́ta ni mo fún un. Bó bá jẹ́ lítíọ̀mù, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ pa á lára, ọdún mẹ́wàá ò ṣòro. Páńẹ́lì ní tirẹ̀ ń lo ogún ọdún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìnfátà ò lè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, omi ẹ̀gẹ́ ń jẹ irin. Bí kì í bá ṣe irin tí kì í dípẹtà, ọdún mẹ́wàá ti pọ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Onílítíọ̀mù ni, àmọ́ ọdún márùn-ún ni ẹni tó tà á fún wa kọ sí wáráńtì. Ẹ̀rọ náà, irin tí kì í dípẹtà ni apá tó ń kan ẹ̀gẹ́.

Akáńtà_Tánkè:
Ó dáa. Ká ṣọ́ra, ká fún bátìrì ní ọdún 5: 4 pín sí 5, ó jẹ́ 800,000 lọ́dún. Páńẹ́lì pẹ̀lú ìnfátà, ó yẹ ká ya méjèèjì náà sọ́tọ̀, àmọ́ ẹ ò pín iye wọn, ká lo ogún ọdún fún àpẹẹrẹ: 300,000. Ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọkọ̀, ìgbékalẹ̀ àti ìdánwò, jẹ́ 16. Bí ẹ bá rò pé ẹ máa rí mílíọ̀nù kan tà á lẹ́yìn ọdún 10, 15 ló kù láti pín: 1.5 lọ́dún. Àpapọ̀ 2.6.

Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí ogún ọdún, 1.3 ni ìwé á fi hàn. Èrè yín á dún jù, balance sheet yín á sanra jù, títí ọjọ́ tí bátìrì á kú, tí dúkìá tí kò sí mọ́ á ṣì jókòó sínú ìwé.

Lópin ọdún kìíní, 26 á ti di 23.4. Ẹ ka mílíọ̀nù 2 ti ayẹyẹ àti kíkọ́ òṣìṣẹ́ mọ́ ọn, ohun tí iṣẹ́ gàrí gbọ́dọ̀ pa lérè kí tiyín tó padà sí 40 ti di 4.6, láìtíì ka èlé báńkì àti gbígbó ẹ̀rọ àtijọ́.

Nǹkan méjì ń da àwọn èèyàn láàmú níbí. Depreciation máa ń dín èrè kù, àmọ́ kò mú kọ́bọ̀ kan jáde ní báńkì. Ojú owó ẹ̀yáwó tẹ́ ẹ ń san padà, 2.5 lọ́dún, ń mú owó jáde ní báńkì, àmọ́ kì í dín èrè kù. Ẹ lè jèrè kówó má sí. Ẹ sì lè pàdánù lórí ìwé kówó wà.

Ìyá_Búrẹ́dì_Ọffà:
Akáńtà, ẹ bá mi kọ gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn yẹn kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé búrẹ́dì mi. Ọkọ mi ò gbà mí gbọ́ láti ọjọ́ yìí.

Alájàpá_Taiwo:
Èmi fẹ́ kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti Ṣáínà. Àwọn tó ń tà á ní kí n san díẹ̀, kí n máa fi dọ́là san ìyókù fún ọdún mẹ́ta. Ó jọ pé ó dẹrùn ju báńkì lọ. Ṣé balance sheet mọ̀ bóyá gbèsè jẹ́ náírà tàbí dọ́là?

Akáńtà_Tánkè:
Ó mọ̀ ọ́n jù. Iye ẹ̀rọ máa dúró sí náírà ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Gbèsè dọ́là ní tirẹ̀, gbogbo òpin ọdún la ń tún un ṣírò sí náírà ọjọ́ yẹn. Bí náírà bá jábọ́, gbèsè á wú, ẹ̀rọ ò ní wú, ìyàtọ̀ rẹ̀ á jẹ nínú tiyín.

Ẹ rántí 2023. Dọ́là kan ò tíì tó 500 náírà ní ojú owó ìjọba kí oṣù Kẹfà tó dé. Kí ọdún tó parí, ó ti kọjá 900. MTN Nàìjíríà, tó ń ta data fún gbogbo wa, parí ọdún yẹn pẹ̀lú àdánù, owó àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà sì bọ́ sísàlẹ̀ òdo ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 40 náírà. Nestlé Nàìjíríà náà bọ́ sísàlẹ̀ òdo lọ́dún kan náà. Ọjà ń tà. Àwọn òpó wà níbi tí wọ́n wà, àwọn ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Dọ́là tí wọ́n jẹ ló wú.

Bí owó tẹ́ ẹ ń pa bá jẹ́ náírà, mi ò ní gbà yín níyànjú láti jẹ dọ́là nítorí ẹ̀rọ.

Alájàpá_Taiwo:
Ṣé bí mo bá háyà ẹ̀rọ náà, mo bọ́?

Akáńtà_Tánkè:
Láti 2019 ni ìlànà IFRS 16 ti ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n háyà kọjá ọdún kan wá sínú balance sheet àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, pẹ̀lú gbèsè rẹ̀. Bí owó háyà bá jẹ́ dọ́là, ọ̀nà kan náà ni.

Ẹlẹ́rù_Gẹ̀rí:
Ìjọba tó já náírà lẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ...

Alábòójútó:
Ọ̀rọ̀ ìjọba ní yàrá tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká dúró sórí gàrí.

Agbẹjọ́rò_GRA:
Mo fẹ́ dá àwọn ọ̀dọ́ tó ní kí wọ́n pín mílíọ̀nù 10 lóhùn. CAMA ti 2020, òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́, sọ pé inú èrè nìkan la ti lè pín owó fún àwọn onípìn-ín, kò sì gbà kí ilé-iṣẹ́ pín in bí pípín rẹ̀ ò bá ní jẹ́ kó lè san gbèsè tó délẹ̀. Owó báńkì kì í ṣe èrè. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ jèrè lọ́dún yìí, kí àwọn dírẹ́kítọ̀ wò ó dáadáa kí wọ́n tó dá pípín in lábàá. Àwọn fúnra wọn ni òfin máa dì mú.

Àfikún kékeré: ọ̀dọ̀ àwọn owó-orí, depreciation tẹ́ ẹ ń ṣírò yẹn ò ríbi jókòó. Wọ́n máa yọ ọ́ dànù, wọ́n á fún yín ní capital allowance, ìyẹn iye tẹ́ ẹ lè yọ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, bí òfin ṣe gbé e kalẹ̀. Ó sì yẹ kí akáńtáǹtì yín béèrè nípa VAT orí ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, ara iye ẹ̀rọ ló ń dà, ẹ ò lè gbà á padà. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026 ti ṣílẹ̀kùn fún ilé-iṣẹ́ tó ń gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà láti yọ èyí tó san lórí dúkìá. Bóyá ó kàn yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á àti ọjà tẹ́ ẹ ń tà ló máa sọ ọ́.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Mo ka gbogbo èyí fún alága lórí fóònù. Ó gba ti ayẹyẹ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá tó ní akáńtáǹtì jalè ní kí n bá òun kí yín, àmọ́ òun ṣì fẹ́ rí rìsíìtì ọkọ̀ Ìbàdàn. Alága wá ní kí n béèrè ohun kan sí i: ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ọffà, mílíọ̀nù 3 ló wà nínú ìwé láti ọjọ́ tí a ti rà á, ẹnìkan sì ti fi 15 lọ̀ wá. Ṣé a lè kọ 15 kí tiwa lè padà sókè?

Akáńtà_Tánkè:
Ìlànà gbà á, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú iye tí ẹnìkan dá lójú ọ̀nà. Ẹ gba amòye tó mọ̀ nípa iye ilẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ yín lẹ máa tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ẹ ò lè mú èyí tó wọ́n kẹ́ ẹ fi èyí tí kò wọ́n sílẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe látìgbàdégbà, bó lọ sókè, bó lọ sílẹ̀. Mílíọ̀nù 12 tó bá lé á wọ inú àpò ọ̀tọ̀ nínú ìwé, àpò àtúndíyelé. Kò bá èrè pàdé, ẹ ò sì lè pín in.

Kò tún ní ra ẹ̀gẹ́ kankan. Tó bá jẹ́ èmi, màá kọ́kọ́ lọ bá báńkì pé kí wọ́n jẹ́ kí sísan ojú owó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí mílíọ̀nù 6 yẹn lè wọ inú ẹ̀gẹ́ ná. Ìlà gbèsè kúkúrú yín á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Àwa mẹ́ta la máa lọ bá máníjà ní Ìlọrin lọ́jọ́ Ajé. Ìbọlọ́, bàbá yẹn ní kí o bá wa lọ, pé ìwọ lo mọ rìsíìtì kà.

Ìbọlọ́_Kìjàkadì:
Mo ń bọ̀. Ẹ mú èyí tí wọ́n fi ra ìlù náà dání.